"Omi Kò Dé Ibí Rí": Ẹ̀kọ́ Lórí Òjò Ńlá àti Ooru Tí Ó Ń Pọ̀ Sí I

Ní gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lẹ́bàá Odò Ògùn, láti Abẹ́òkúta títí dé Mòwé, Ìbafò, Ìṣẹrí àti Àkútè, gbólóhùn kan wà tí a máa ń gbọ́ nígbàkúùgbà tí a bá kìlọ̀ fún ènìyàn pé kí ó má ṣe kọ́lé sí ilẹ̀ àkùrọ̀. Gbólóhùn náà ni pé, "Omi kò dé ibí rí." Ẹni tí ó sọ ọ́ kò purọ́. Ó lè jẹ́ pé bàbá rẹ̀ àgbà gbé ibẹ̀, tí ó dáko níbẹ̀, tí ó sì kú níbẹ̀, láìjẹ́ pé omi wọ ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sùn sí ibi tí kò yẹ kí wọ́n sùn sí lálẹ́ ọjọ́ tí odò kún. Ìdí tí òtítọ́ àná kò fi tó gbẹ́kẹ̀ lé mọ́ lónìí ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí dá lé lórí.

Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, Odò Ògùnpa sì kún bo bèbè rẹ̀. Ó gba àárín ìlú kọjá, ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀ lọ, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 200. Àwọn tí ojú wọn rí i gbà pé irú rẹ̀ kò tún ní í ṣẹlẹ̀ lójú ayé wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí kò tí ì pé ọdún 31 tí ti àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, òjò tí ó tó mìlímítà 187.5 rọ̀ sí Ìbàdàn láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Ó gbé ọ̀pọ̀ afárá lọ, àwọn tí ó sì kú lé ní 100.

Iye lásán kì í wọni létí, nítorí náà ó dára kí a mọ ohun tí mìlímítà 187.5 jẹ́. Bí òjò bá rọ̀ ní mìlímítà 1, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lítà omi 1 bọ́ sórí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà 1 tí ó sì fẹ̀ ní mítà 1. Òrùlé ilé kan tí ó gùn ní mítà 10 tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10 gba lítà 18,750 nínú òjò ọjọ́ náà. Bí a bá fẹ́ pọn omi yẹn sínú kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí a ń gbé lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, kẹ́ẹ̀gì 750 ni yóò gbà á. Òrùlé kan ṣoṣo ni èyí o. Kí a wá ro gbogbo òrùlé Ìbàdàn pọ̀, gbogbo títì ọlọ́dà, àti gbogbo àgbàlá tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ tí kò lè mu omi mọ́. Gbogbo omi wọ̀nyí ni ó wá ọ̀nà lọ sínú odò nígbà kan náà.

Ẹni tí ó bá fi ọkàn sí ọjọ́ méjèèjì yìí yóò tún rí ohun kan. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ pé òjò àkọ́rọ̀ a máa rọ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, pé òjò a máa pọ̀ ní oṣù kẹfà, pé a máa sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, lẹ́yìn náà yóò tún padà pẹ̀lú agbára ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Orúkọ tí a ń pe oṣù kẹwàá, Ọ̀wàrà, bá òjò rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n òpin oṣù kẹjọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbà pé ìsinmi òjò kò tí ì parí, ni omi kó Ìbàdàn ní ẹ̀ẹ̀méjèèjì.

A kò gbọ́dọ̀ tìtorí òjò méjì sọ pé ayé ti yí padà. Òjò ńlá ti wà kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn onímọ̀ a máa ya ojú ọjọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣe ojú ọjọ́. Òjò tí ó rọ̀ láàárọ̀, oòrùn tí ó ràn lọ́sàn-án, ojú ọjọ́ nìyẹn. Ìṣe ojú ọjọ́ ni ohun tí àgbẹ̀ Ifọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí ó ń pa ebè rẹ̀ dè òjò. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, wọn a kọ òjò àti ooru ojoojúmọ́ sílẹ̀, wọn a sì fi ọgbọ̀n ọdún kan wé òmíràn. Nígbà tí wọ́n ṣe èyí káàkiri ayé ni wọ́n rí i pé nǹkan ti yẹ̀ ní ipò rẹ̀.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká a máa gbé omi. Omi náà kò ṣeé fojú rí, ṣùgbọ́n bí a bá gbé ife omi tútù kalẹ̀ lọ́sàn-án, a ó rí i tí ẹ̀yìn ife náà ń làágùn; inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn ti wá. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbóná tó ni omi tí ó lè gbé ń pọ̀ tó. Fún dígírì Celsius kọ̀ọ̀kan tí ooru rẹ̀ bá fi lé sí i, omi tí ó lè gbé yóò fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

A lè fi afẹ́fẹ́ wé igbá. Igbá kékeré tètè ń kún, bí ó bá sì dà, omi díẹ̀ ni yóò dà sílẹ̀. Igbá ńlá a máa pẹ́ kí ó tó kún. Ní gbogbo àkókò tí ó fi ń pẹ́ yẹn, ó ń fa omi láti inú ilẹ̀, láti ojú ewé àti láti ojú odò, ilẹ̀ sì ń gbẹ. Lọ́jọ́ tí ó bá wá dà, gbogbo ohun tí ó ti kó jọ ni yóò dà lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, kò sí ìjà láàárín ẹni tí ó ní ọ̀dá ń pọ̀ sí i àti ẹni tí ó ní òjò ńlá ń pọ̀ sí i. Igbá kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ tàn jẹ, tí ó gbin àgbàdo, tí òjò sì dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí èhù fi gbẹ mọ́lẹ̀, lè jẹ́ ẹni kan náà tí àgbàrá yóò gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ ní oṣù kẹwàá.

Ní ti ohun tí ó mú ayé gbóná, ìtàn rẹ̀ ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ooru oòrùn a máa wọlé wá, ilẹ̀ àti òkun a gbà á, wọn a sì dá a padà sí òfuurufú. Àwọn afẹ́fẹ́ kan wà lókè tí kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jáde, gẹ́gẹ́ bí aṣọ ìbora ti ń ṣe fún ẹni tí ó sùn lákòókò ọyẹ́. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, èyí tí ń jáde nígbà tí a bá mí síta àti nígbà tí a bá dáná. John Tyndall, ọmọ ilẹ̀ Ireland, fi àyẹ̀wò hàn ní ọdún 1859 pé afẹ́fẹ́ yìí a máa dá ooru dúró. Ní ọdún 1896, Svante Arrhenius ti ilẹ̀ Sweden ṣe ìṣirò bí ayé yóò ti gbóná tó bí afẹ́fẹ́ yìí bá pọ̀ sí i. Ní ọdún 1958, Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní erékùṣù Hawaii. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 315 nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù nígbà náà. Lónìí ó ti lé ní 420. Èédú ilẹ̀, epo bẹntiróòlù, dísù àti gáàsì tí a ń jó, pẹ̀lú igbó tí a ń gé tí a sì ń sun, ni ó fà á.

Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀ kò dá ìdá 5 nínú 100 èéfín tí ayé ń tú jáde lọ́dún. Ẹ̀bi náà pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti ní ilé-iṣẹ́ ńlá láti ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tọ́ kí a sọ ọ́. Ó tọ́ bákan náà kí a sọ pé iná gáàsì ti ń jó lójú epo ní Niger Delta láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, tí gáàsì náà kò sì dáná fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n òjò kì í béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi kí ó tó rọ̀.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ooru ayé fi díẹ̀ lé ní dígírì kan ju ti àárín ọdún 1850 sí 1900 lọ. Ní ọdún 2024, ọdún tí ó gbóná jù lọ láti ìgbà tí a ti ń wọ̀n ọ́n, ó fi nǹkan bí dígírì 1.55 lé. Kí ni dígírì kan àbọ̀ lè ṣe fún ènìyàn, nígbà tí ìyàtọ̀ àárọ̀ sí ọ̀sán pàápàá ju bẹ́ẹ̀ lọ?

Kí a wo ọmọbìnrin tí ó ru ìkòkò omi bọ̀ láti odò. Bí omi inú ìkòkò náà bá mọ níwọ̀n, ó lè fẹsẹ̀ kọ nígbà mẹ́wàá lójú ọ̀nà kí omi má dànù ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Bí a bá wá bu ife omi kan kún un, tí omi fi súnmọ́ ẹnu ìkòkò, ọ̀nà kò yí padà, òkúta ojú ọ̀nà kò pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ ọmọ náà kò sì di òmíràn. Síbẹ̀ omi yóò dànù lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ó tó délé. Ife kan yẹn kéré lójú ẹni tí ó bù ú. Ní ẹnu ìkòkò ni a ti ń mọ̀ bí ó ti pọ̀ tó.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìṣirò àwọn onímọ̀ rí. Ìgbìmọ̀ kan tí a dá sílẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọdún 1988, tí a mọ̀ sí IPCC, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2021 pé irú ooru líle tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 10 kí èéfín tó pọ̀, ti ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 2.8 ní ọdún 10. Èyí tí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí i lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 50, ti di nǹkan bí ìgbà 4.8. Ní ti òjò ńlá, èyí tí ó ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 10 ti di nǹkan bí ìgbà 1.3. Ìṣirò gbogbo ayé lápapọ̀ ni èyí, nítorí náà ibi kan wà tí tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibòmíràn sì wà tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Nàìjíríà ní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Ní ọdún 2012, ìkún omi pa ènìyàn 363, ó sì lé ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 2 lọ kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún sọ pé irú rẹ̀ kò ní í wáyé mọ́. Ọdún 10 lẹ́yìn náà, ní 2022, omi tún dé, àwọn tí ó kú sì lé ní 600, nígbà tí nǹkan bí mílíọ̀nù 1.4 sá kúrò nílé wọn. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan tí ń jẹ́ World Weather Attribution ṣe ìwádìí lórí òjò ọdún náà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ni pé wọn a fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ayé méjì: ọ̀kan tí ó gbóná bí tiwa yìí, ọ̀kan tí èéfín kò tí ì mú gbóná, wọn a sì ka iye ìgbà tí irú òjò bẹ́ẹ̀ yóò rọ̀ nínú ayé kọ̀ọ̀kan. Ní agbègbè Adágún Chad, wọ́n rí i pé ayé tí ó gbóná ti mú kí òjò gbogbo àkókò náà rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po 80, tí ó sì fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 pọ̀ sí i. Ní ìsàlẹ̀ Odò Ọya, òjò líle ọ̀sẹ̀ kan rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín 80 àti 2 fi hàn pé àwọn onímọ̀ náà kò kàn ń ju ọ̀rọ̀ sókè. Níbi tí ó bá kéré, wọn a sọ pé ó kéré.

Ìwádìí yẹn kò kan Odò Ògùn, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé ìṣirò Adágún Chad wá sí Àkútè. Odò Ògùn ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti agbègbè Ṣakí ni ó ti ń bọ̀, ó la ilẹ̀ Ọ̀yọ́ já, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì ṣàn lọ sínú ọ̀sà Èkó. Lára àwọn odò tí ó ń bá a pàdé ni Odò Ọyán, níbi tí Ìjọba Àpapọ̀ kọ́ dáàmù sí, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní ọdún 1983. Abẹ́ àkóso Àjọ Ìdàgbàsókè Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ni ó wà, ó sì lè gba omi tí ó tó mílíọ̀nù 270 ní ìwọ̀n mítà oníhàmẹ́rin gbogbo ọ̀nà, ìyẹn mítà kan ní òró, kan ní ìbú, kan ní jíjìn. Dáàmù yìí ni ó ń mú kí Odò Ògùn ní omi tí Abẹ́òkúta àti Èkó ń mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àkútè ni a ti ń fa ti Èkó lọ sí Ìjú àti Adíyàn.

Níbí ni ìṣòro náà wà, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó fẹ́ omi ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dáàmù kún kí òjò tó dá. Ẹni tí ó fẹ́ dá ìkún omi dúró gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ de òjò ńlá. Odi kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń wò. Nígbà tí òjò ṣì ń tẹ̀ lé ìṣe àtijọ́, ó ṣeé ṣe láti mọ ìgbà tí a ó jẹ́ kí ó kún àti ìgbà tí a ó dẹ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò ńlá bá dé nígbà tí omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dáàmù, ní oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá, kò sí ohun tí ẹni tí ń ṣọ́ ilẹ̀kùn lè ṣe ju kí ó tú omi sílẹ̀ lọ, nítorí bí odi bá wó, ti gbogbo ìsàlẹ̀ ni yóò bá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Maiduguri ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí dáàmù Alau ya, fi èyí hàn kedere.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi tí a tú láti Ọyán bá omi òjò pàdé, ó sì lé àwọn ènìyàn jáde nílé ní ìsàlẹ̀ odò náà, ní Ajegúnlẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú àti ní àwọn abúlé tí ó wà lẹ́bàá ibẹ̀. Láti ìgbà náà, àdúgbò Ìṣẹrí àti Kara ti rí irú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kì í ṣe òjò nìkan ni ó fà á, kì í sì í ṣe dáàmù nìkan. Ilẹ̀ tí odò máa ń tẹ́ ara rẹ̀ sí nígbà tí ó bá kún ni a ti fi yanrìn dí tí a sì kọ́ ilé sí. Gọ́tà tí ó yẹ kí ó gbé omi lọ kún fún ọ̀rá àti ike. Bí ọ̀sà bá sì kún ní ìsàlẹ̀, odò kò ní ibi tí yóò da omi rẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá fi gbogbo ẹ̀bi sórí ojú ọjọ́ ń gbèjà ẹni tí ó di ojú odò. Ẹni tí ó bá sì ní gọ́tà nìkan ni, kò mọ̀ pé gọ́tà tí a gbẹ́ fún òjò àtijọ́ lè kéré fún ti ìsinsìnyí, àní bí a tilẹ̀ gbá a mọ́ tónítóní.

Òkè-Àró, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifọ̀, kò jìnnà sí Àkútè. Òkè ni a fi sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé inú rẹ̀ ni ó wà lórí òkè. Ibẹ̀ ni a mọ̀ fún ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, tí ó wà lára èyí tí ó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ ibẹ̀ ti rí ìyà tó ní ọdún 2020 nígbà tí àrùn ibà ẹlẹ́dẹ̀ kó ẹran wọn lọ. Àrùn yẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú ojú ọjọ́. Ṣùgbọ́n ooru ní í ṣe pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀ gidigidi. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn tó láti fi tu ara rẹ̀ nínú, ìdí nìyí tí ó fi fẹ́ràn láti máa yí nínú ẹrẹ̀. Bí ooru bá mú un jù, kò ní í jẹun dáadáa, kò ní í tètè sanra, abo rẹ̀ lè ṣẹ́ oyún, akọ rẹ̀ kò sì ní í lè gùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rántí ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí Nàìjíríà pàdánù ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà sọ́wọ́ Ivory Coast ní Abidjan, 2 sí 1. Ooru mú tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà tí a fi dá eré dúró kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè mu omi. (Ooru kọ́ ni ó gbá bọ́ọ̀lù méjèèjì sínú àwọ̀n wa.) Ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òógùn kò fi lè gbẹ lára, ooru náà sì dà bí ẹni pé ó tó dígírì 50 lára ènìyàn. Àwọn onímọ̀ kan náà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ayé tí ó ti gbóná mú kí irú rẹ̀ rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po 10. Láyé àtijọ́, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Nísinsìnyí, a lè máa retí rẹ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún mẹ́wàá. Àwọn arúgbó, ọmọ ọwọ́ àti aboyún ni ó ń kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn. Fún ẹran ọ̀sìn, ìbòòji, omi mímu tí kò tán, àti ilé tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá kì í ṣe ohun ìgbafẹ́ mọ́. Kí a da omi sí ẹlẹ́dẹ̀ lára kí ooru tó mú un ju agbára rẹ̀ lọ, kí a sì fún un ní oúnjẹ láàárọ̀ kùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ara bá tù ú.

Àwọn àgbà ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba méjì wà tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́dọọdún: NiMet a máa kéde bí òjò ọdún yóò ti rí, NIHSA a sì máa kéde àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè yalé. Ó yẹ kí ẹnì kan ní abúlé kọ̀ọ̀kan máa gbọ́ ìkéde wọ̀nyí lórí rédíò, pàápàá ìkéde nípa omi tí a fẹ́ tú láti Ọyán, kí ó sì máa kà á fún àwọn yòókù.

Ṣùgbọ́n NiMet kò lè gbé ẹ̀rọ ìwọn òjò sí ẹ̀yìnkùlé gbogbo ènìyàn. Ohun tí abúlé lè fi wọn òjò tirẹ̀ kò wọ́n. Kí a wá agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ ṣe déédéé ní fífẹ̀. Agolo mílíìkì ńlá dára. Kí a gbé e sí gbangba lórí òpó kékeré, níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti lè ṣíji bò ó. Ní agogo méje òwúrọ̀ lójoojúmọ́, kí a ti rúlà bọ inú rẹ̀ tààrà dé ìsàlẹ̀, kí a ka iye mìlímítà tí omi náà dé, kí a kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí a sì da omi náà nù. Bí rúlà kò bá bẹ̀rẹ̀ láti etí igi rẹ̀ gan-an, kí a rántí láti fi àlàfo yẹn kún un. Ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, òdo ni kí a kọ; ìwé tí kò ní òdo nínú kò wúlò. Iṣẹ́ yìí bá ọmọ ilé-ìwé mu, yóò sì mọ ìṣirò nídìí rẹ̀.

Èkejì ni àmì omi. Ibikíbi tí omi bá dé nígbà tí odò tàbí àgbàrá bá kún, kí a fi àmì sí i ní ọjọ́ kejì, kí ẹrẹ̀ tí ó fi hàn tó gbẹ dànù, kí a sì kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí àmì tuntun bá ti ga ju ti àtijọ́ lọ, àpò ìrẹsì, ìwé ilẹ̀, ìwé-ẹ̀rí àwọn ọmọ àti irúgbìn ọdún tí ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ láti oṣù kẹsàn-án títí òjò yóò fi dá. Ẹni tí ó bá ń wá ilẹ̀ rà ní ẹsẹ̀ odò náà lè béèrè pé kí a fi àmì náà hàn án kí ó tó san owó rẹ̀. Ọ̀dà a máa ṣí, ẹfun a sì máa fọ̀ nù. Ìṣó tí a kàn mọ́ òpó afárá tàbí mọ́ ara igi ńlá ni ó dára jù.